Àgọ́ Ẹní Egbére: Àkọsílẹ̀ Eré Ìdílé Tí Kò Ní Fóònù Nínú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àgọ́ tó bẹ̀rẹ̀

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí gbogbo wa péjọ sílé bàbá wa ní Iléṣà fún ìsinmi oṣù kẹjọ, ọmọ mọ́kànlá ló jókòó sí pálọ̀, kò sì sí ohùn kankan níbẹ̀ àfi ohùn géèmù. Màmá wa gbé ẹ̀pà síse wọlé, wọ́n dúró díẹ̀, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n sì jáde. N kò rí ìyẹn gbàgbé.

Mi ò sọ pé nǹkan burúkú ni wọ́n ń gbá. Mo jókòó ti ọmọ mi àkọ́bí, mo ní kó fi géèmù náà hàn mí. Idà, igbó kìjikìji, ìṣúra, ilé olódi, àlọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ já kó tó wọ ẹnubodè. Ohun tí àwa náà ń wá lọ sẹ́sẹ̀ ìyá àgbà lálẹ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé ni. Èmi àti àbúrò mi wá pinnu pé bí a bá kàn gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ìyà la fi jẹ wọ́n. Eré náà gan-an la máa kọ́ síta, sínú àgbàlá àti oko kòkó tó wà lẹ́yìn ilé: ọjọ́ mẹ́rin, láti Ọjọ́rú dé Àbámẹ́ta, ọmọ mọ́kànlá, láti ọlọ́dún mẹ́fà dé ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Pẹ́ńsù, bébà, dáìsì, àti ẹnì kan tó ń sọ ìtàn nígbà tí àwọn yòókù ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú rẹ̀. Mo mú ìlànà yẹn. Ìtàn inú rẹ̀, ilé ni mo ti mú un.

Egbére ni mo mú. Ẹni tó bá dàgbà sílé wa mọ̀ ọ́n: iwin kúkúrú tó ń gbé ẹní kiri inú igbó, tó ń sunkún láìdákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ẹní yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ti dolówó. Màmá fi kún un pé olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fara da ẹkún náà, nítorí egbére á máa tẹ̀ lé e ni. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìṣòro tó dára fún eré ni.

Owó ẹyọ mẹ́rin

Bí ọmọ bá ní, "Mo fẹ́ fo odò yìí," ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí a máa jù sílẹ̀ kó dá a lóhùn. Mo ra owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀kẹ̀ lọ́jà. Mẹ́rin ni wàá jù, iye tó bá ṣíjú sókè ni wàá kà.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń ṣíjú tó sì ń dojú dé bákan náà, ọ̀nà 16 ni mẹ́rin lè gbà balẹ̀. Nínú 16 yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi máa ṣíjú, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn fi máa dojú dé. Ọ̀nà 4 ló wà fún kí ẹyọ kan ṣíjú, 4 fún mẹ́ta, 6 fún méjì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju dáìsì lọ nítorí ìyẹn. Gbogbo ojú dáìsì ló dọ́gba, ṣùgbọ́n owó ẹyọ mẹ́rin máa ń fà sí àárín, kí ohun ńlá lè ṣọ̀wọ́n, kí ilé sì mì nígbà tó bá ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ sára páálí: mẹ́ta ṣíjú, ó ṣeé ṣe, mẹ́rin, ó ṣeé ṣe, èrè sì wà lórí rẹ̀, méjì, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ohun kan máa lọ sí i, ọ̀kan, kò ṣeé ṣe. Bí gbogbo rẹ̀ bá dojú dé, ìtàn á yí padà sí ọmọ náà.

Nígbà tí mo dán an wò, ó ń dojú dé ṣáá. Mo jù ú títí apá fi ń ro mí kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Méjì nínú mẹ́rin ti lá lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń gé e kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Méjì yòókù ṣì ní iké wọn. Èyí tó ní iké kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó dúró, ó máa ń yí, á sì dojú dé. Mo mú àwọn oníkèé náà lọ sídìí ọlọ, mo fi omi sí i, mo ń lọ̀ ọ́ títí iké náà fi lọ tí ihò fi yọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà. Láti ìgbà náà, ó bá mi mu.

Ibi tí mo ti ń jù ú ni àǹtí wa àgbà, tí wọ́n jẹ́ ìyá ìjọ, bá mi. "Kí lò ń ṣe yẹn? Ṣé o fẹ́ máa da ẹ̀ẹ́rìndínlógún nínú ilé yìí ni?" Mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè wọn. Ẹni tó ń da ẹ̀ẹ́rìndínlógún mọ ohun tó ń ṣe, eré kọ́ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mú ohun tí ẹlòmíràn ń bọ̀wọ̀ fún ṣeré. Mo ṣàlàyé fún wọn pé mẹ́rin péré ni tiwa, pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè nípa ọ̀la. Màmá ló parí rẹ̀. Wọ́n ní owó ni wọ́n ń fi owó ẹyọ ná látijọ́, pé ìyá àwọn ìyá àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, láìṣì í kà. Àǹtí mú mẹ́rin náà lọ́wọ́ mi, wọ́n jù ú. Mẹ́ta ṣíjú. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ gbàdúrà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀." A sì gbàdúrà.

Idà tó yọ́

Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí wà nílé. Mo gé e gẹ́gẹ́ bí idà, mo fi gọ́ọ̀mù àwọn tó ń tún bàtà ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ páìpù oníròbà. Kí n tó nu ọwọ́ mi tán, gọ́ọ̀mù náà ti ń jẹ fóòmù, ó ń wọnú rẹ̀ lọ bí iyọ̀ tí wọ́n da omi sí. Epo inú gọ́ọ̀mù yẹn kì í bá fóòmù funfun rẹ́. Idà mẹ́ta ló bàjẹ́ kí n tó gbà.

Fóòmù tìmùtìmù àtijọ́ ló gbà mí. Mo gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo wé e mọ́ páìpù, mo fi àkísà dì í, mo wá fi téèpù yí i ká. Orí rẹ̀ ni mo jẹ́ kó nípọn jù, kí páìpù má baà yọ jáde. Mo fún àbúrò mi ní idà kan, mo ní kó gbá mi ní apá pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó ta mí díẹ̀, kò dápàá. A ṣe mẹ́fà. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ: kò sí orí, kò sí gígún.

Ọjọ́rú

Fóònù àti táábù wọnú àpótí irin Màmá ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ti àwa àgbà náà sì bá wọn wọlé. Màmá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló kù, ó wà nílé ìdáná, kí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa gbóhùn àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lálẹ́.

Mo ti kọ ètò ọjọ́ náà sára káádíbọ́ọ̀dù ńlá, wákàtí lórí wákàtí. Aago mẹ́wàá, iṣẹ́ ọwọ́. Méjìlá, àlọ́. Méjì, ìjà idà. Mẹ́ta, yíya máàpù. Ó dára lójú mi. Kí ó tó di aago méjìlá, wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹfà pé ìgbà wo ni wọ́n máa rí fóònù gbà.

Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe, kò sí èyí tó ṣàìgbọràn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló dùn mí, bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nírọ̀lẹ́, mo pe ọmọ àbúrò mi obìnrin, ọlọ́dún mẹ́tàlá, sábẹ́ igi máńgòrò. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ronú díẹ̀, ó ní:

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Nínú géèmù mi, tí mo bá débi ilẹ̀kùn, mo lè ṣí i, mo lè fọ́ ọ, mo lè kọjá lára ẹ̀. Níbí, ẹ ti mọ ìparí gbogbo nǹkan tí a fẹ́ ṣe."

Mi ò bínú. Òótọ́ ló sọ. Mo ti kọ́ nǹkan ìdárayá mọ́kànlá, mi ò tíì kọ́ eré.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà, máàpù. A ra tẹ́rù funfun ọ̀pá méjì, a ti fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì ilé iṣẹ́ lè kúrò lára rẹ̀. A se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀ títí ó fi dì bí ẹ̀kọ, àwọn ọmọ sì ń fi ìyẹ́ adìẹ tọ́ ọ sára aṣọ: kànga, ọgbà ẹ̀gẹ́, igi máńgòrò, ojú ọ̀nà oko, odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ ya ni aró kò ní mú. Òjò bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gbẹ. A gbé e sórí àjà ilé ìdáná, kí ooru ààrò lè mú un gbẹ lóru.

Àtúnṣe òru

Mo fa káádíbọ́ọ̀dù ya. Èmi àti àbúrò mi jókòó ti àtùpà títí di aago kan òru.

A kò kọ wákàtí mọ́. Ibi méje la mú lórí máàpù, a sì kọ nǹkan mẹ́ta péré fún ibi kọ̀ọ̀kan: ta ló wà níbẹ̀, kí ló ń fẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kankan ò bá lọ síbẹ̀. A ò kọ ìparí. Ìyẹn ló ṣòro jù fún mi, nítorí èmi fẹ́ràn kí nǹkan ní ìparí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọ "lẹ́yìn náà wọ́n á...", àbúrò mi á gba bírò lọ́wọ́ mi.

A tún pín ipò. Ọdẹ lè bi mí pé kí ni ilẹ̀ sọ, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún un. Oníṣègùn lè dá ẹni tó ti kúrò nínú eré padà, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Alágbẹ̀dẹ lè tún ohun tó fọ́ ṣe. Onílù ní gángan. Bí ó bá lù ú, ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló máa yan tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

A sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ. Ẹ̀kọ náà ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ti sán níbi tí wọ́n ti ká aṣọ náà, mo sì ń bẹ̀rù pé máàpù ti bàjẹ́. Ìyá náà ní kí àwọn ọmọ dúró sẹ́yìn, nítorí kọ́sítíìkì wà nínú ìkòkò aró. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n ki aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe búlúù rárá. Ó pọ́n díẹ̀, ó tutù bí ewé, bí ewé ẹ̀fọ́ tó ti ń rọ. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà ní, "Ó ti bàjẹ́." Ìyá náà ò dáhùn, wọ́n kàn tẹ́ ẹ sórí okùn. Àfẹ́fẹ́ kàn án. Láti etí rẹ̀ lókè ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ búlúù ń rìn sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó gba orí odò kọjá, ó gba oko kọjá, títí gbogbo aṣọ fi di aró lójú wa. Ọmọ mọ́kànlá dúró, ẹnu wọn là sílẹ̀. Wọ́n wá hó yèè. Ọlọ́dún mẹ́fà náà ní kí wọ́n tún un ṣe.

Nígbà tí a ha ẹ̀kọ kúrò, aró ti gba ojú ibi tó sán wọlé, ó ya ìlà tín-ín-rín káàkiri máàpù. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọ ní ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ ni. Ìlà kan gba inú oko kòkó lọ tààrà sídìí kànga. Wọ́n pinnu pé ọ̀nà egbére nìyẹn, èmi náà sì kọ ọ́ sínú ìwé mi, nítorí ó ti di òótọ́.

Ẹnubodè la fi àlọ́ àpamọ̀ tì. Ẹ̀rù bà mí nítorí àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, tí Yorùbá wọn kò tíì jinlẹ̀. Mo so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀ mọ́ ẹni tó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, mo sì ní bí wọn kò bá já àlọ́ náà, wọ́n lè fi owó ẹyọ san ibodè. Ní ibodè kejì, mo ní, "Gbogbo ilé sùn, Káńbó ò sùn." Wọ́n ń ronú. Wọ́n ní ajá, wọ́n ní aago, wọ́n ní ẹ̀fọn. Ọmọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù náà gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ tán lẹ́nu ẹnìkejì rẹ̀, ó fi ìka kan imú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ imú àbúrò mi láti òru àná. Wọ́n gbé e sókè.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹkún bẹ̀rẹ̀ nínú oko kòkó. Mo ti fi aṣọ àti ìrísí egbére han àwọn kéékèèké lọ́sàn-án, wọ́n ti fọwọ́ kan ìbòjú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé bùọ̀dá wọn ló máa wọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ ẹ̀rù tó máa bá ọmọ dórí ẹní. Síbẹ̀, kò sí iná mànàmáná, òjò tín-ín-rín ń kán sórí ewé kòkó, àtùpà méjì péré ló wà lọ́wọ́ wa, àbúrò mi sì mọ ẹkún í sun. Ẹkún náà á sún mọ́ wa, á tún jìnnà.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ohun méjì: kí wọ́n jà á gbà, tàbí kí wọ́n sá. Wọn ò ṣe ọ̀kankan. Wọ́n kóra jọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan sáré padà sílé, ó sì dé pẹ̀lú ẹní lábẹ́ abíyá. Ó ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ ẹní. Onílù á lu gángan níwájú, egbére á dúró gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, òun á sì gba ẹ̀yìn wọlé.

Mi ò ní òfin fún pípààrọ̀ ẹní. Mo ní kí ó ju owó ẹyọ. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, gbogbo wọn gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Méjì ṣíjú.

"Ó ṣeé ṣe," ni mo wí, "ṣùgbọ́n ohun kan máa lọ sí i."

Ó pààrọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi gbé ẹní kejì lọ sínú igbó pẹ̀lú ẹkún, àwọn ọmọ sì ń jó padà wálé. Àárọ̀ la tó mọ ohun tó lọ sí i. Ẹní Màmá ni, èyí tí wọ́n fi ń sùn ọ̀sán. Òjò ti rẹ ẹ́, ẹrẹ̀ sì ti wọ̀ ọ́ lára.

Ẹtì

Kò sẹ́ni tó béèrè fóònù láàárọ̀. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ni pé ta ló máa sọ fún Màmá.

Ọlọ́dún mẹ́sàn-án náà kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó jẹ́wọ́. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ẹ gba ẹní lọ́wọ́ egbére, ẹ wá fi tèmi tọrẹ. Ẹ ó hun òmíràn fún mi." Wọ́n rán àwọn ńlá lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n jókòó sáàárín wọn, wọ́n sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń hun ún láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo kọ sínú ètò Ọjọ́rú tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú ìkùnsínú. Ti Ẹtì, gbèsè ni wọ́n ń san, kò sì sẹ́ni tó dìde.

Ní ìrọ̀lẹ́, egbére wá sí ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀ láti wá gba ẹní rẹ̀. Wọ́n ní kí ó ta ayò fún un. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, ni àbúrò mi, mi ò sì jẹ́ kó mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi. Ọmọdé máa ń mọ̀. Ó jẹ wọ́n ní ìkíní. Ní ìkejì, wọ́n dá àbá pọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ ayò, ọlọ́dún mẹ́fà ń ka ilé fún wọn lókè, wọ́n sì jẹ ẹ́. Nígbà tí ìkẹta yóò fi wọlé, ilẹ̀ ti ṣú, iyán ti ṣetán. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ọpọ́n, wọ́n fi igbá bò ó.

Àbámẹ́ta

Omi Olúmirìn ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà, tó ń já láti ìpele méje, ni mo fẹ́ kó jẹ́ ìparí eré náà tẹ́lẹ̀. Òjò ti mú kí òkúta máa yọ̀, a kò gun ju ìpele àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀, wọ́n jẹ àgbàdo, wọ́n sì ní ká tètè padà sílé kí egbére má baà ṣí igbá orí ọpọ́n.

Ó ta ìkẹta. Wọ́n pàdánù ayò náà, wọ́n sì dá ẹní rẹ̀ padà fún un, ẹkún sì dákẹ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá ló gbé e fún un, lọ́wọ́ méjèèjì.

Ohun tó kù láti tún ṣe kí oṣù kejìlá tó dé

Ọmọ ayò méjì ti sọnù, 46 ló kù. Téèpù orí idà mẹ́ta ti ṣí. Gángan nílò awọ tuntun. Ipò alágbẹ̀dẹ kò ní iṣẹ́ tó pọ̀ tó, ọmọ tó yàn án sọ ọ́ fún mi, ó sì tọ̀nà. Mo fẹ́ fún un ní ohun tí òun nìkan lè ṣí. Ní igun ìsàlẹ̀ máàpù, níbi tí ẹnì kankan ò ya nǹkan sí, wọ́n ti fi òwú funfun ran ilé kan sí i lẹ́yìn tí mo ti sùn. Mi ò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ní kí n má béèrè títí a ó fi tún péjọ.